Àwo Ẹlẹ́bí Nínú Ọgbà Ìṣeré Kùmásí

Oṣù tó kọjá ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin lọ ṣeré nínú ọgbà kan ní Ìlọrin, níbi tí ọkọ̀ kéékèèké ti ń kọ lu ara wọn, tí kẹ̀kẹ́ ńlá kan sì ń gbé èèyàn lọ sókè bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kan ìkùukùu. Wọn ò tíì bọ́ bàtà tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn fún mi. Ó ní owó ìwọlé kò dun òun, owó oúnjẹ ló dun òun. Ó ní wọ́n gba omi tí òun gbé látilé lẹ́nu ọ̀nà, òun sì ra ìrẹsì fún ọmọ mẹ́rin ní iye tí òun ì bá fi se ìrẹsì fún gbogbo agboolé.

"Màmá, olè ni wọ́n," ó ní.

Mo ní, "Rọra. Èmi náà ti jẹ́ irú olè bẹ́ẹ̀ rí."

Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Kò mọ̀ pé kí n tó bí bàbá òun, mo ti ta oúnjẹ nínú ọgbà ìṣeré ní Gánà. Ìwé mi kò pọ̀, kíláàsì ìrìbọmi ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kó lè mọ ohun tó ń sọ.

Ọdún kejì tí wọ́n fún wa lómìnira ni èmi àti ọkọ mi kúrò ní Ọ̀mù-Àrán. Bíríkìlà ni ọkọ mi. Wọ́n ní ilé ń hù ní Gánà bí olú. A ti bí Mojí nígbà náà, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá mi ló sì ní kí n fi í sílẹ̀.

"Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí yóò dúró sí kì í gbé ọmọ dání," ó wí fún mi. "Ìgbà tó o bá ti ní ibi ìdúró tìrẹ, ránṣẹ́ wá mú un."

Kò sí nǹkan mìíràn tí mo gbé sórí kúrò nílé tó wúwo tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Nǹkan àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ní Kùmásí ni iyán wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gún. Èmi ọmọ oníṣu, mo dúró lẹ́bàá odó Àkósúà, obìnrin tó ni ilé tí a gbà sí, mò ń retí ìgbà tí yóò da iṣu sí i. Kò dà á. Ó gún un tán, ó bù ú sínú ọbẹ̀, ó sì ń wò mí pé kí ló dé tí mo dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ. Nílé, ará Àríwá ni ìjọba kà wá sí, torí Ìlọrin ni a wà lábẹ́ rẹ̀, Kàdúná sì ni àṣẹ ti ń wá. Mo dé Kùmásí, mo bá àwọn Yorùbá tó wá láti apá Ìbàdàn, bí mo bá la ẹnu tí Ìgbómìnà jáde, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Gàm̀bàrí wo ló kọ́ ọ ní Yorùbá?" Àwọn onílẹ̀ ní tiwọn kò mọ ìyàtọ̀. Alátà ni wọ́n ń pe gbogbo wa, ẹni tó ń ta ata àti ẹni tí kò ta ata rí.

Ṣùgbọ́n ohun tó ni mí lára jù ni ìkòkò. Ọkọ mi ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ìparí oṣù ló ń wá. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Èèyàn mọ́kànlá ló ń jẹ nínú ìkòkò ìyá mi nílé, ọwọ́ mi sì ti mọ́ ìwọ̀n yẹn láti kékeré. Mo gbìyànjú títí, ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan. Iṣu tí mo bá bẹ, ti èèyàn márùn-ún ni. Ẹ̀wà tí mo bá sè á kan dànù. Àkósúà ló ń bá mi jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ṣí ìkòkò mi wò, ó ní, "Alátà, àwọn wo lò ń retí?"

Mo mú àwo, mo bù fún un.

Fóònù kò sí nígbà yẹn, ìyẹn fún irú tiwa. Ẹni tó bá ń lọ sílé la ń fi lẹ́tà rán. Tíṣà kan ní Òrò ló ń bá ìyá mi kọ tirẹ̀, mo sì máa ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tíṣà parí sí àti ibi tí ti ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà á ní, "Inú wa dùn púpọ̀ láti gbọ́ àlàáfíà yín." Ìyá mi á ní, "Mojí ti ń pààrọ̀ eyín. Ó bi mí pé ṣé èèyàn gíga ni ọ́ tàbí èèyàn kúkúrú." Mo ka ìlà yẹn, mo pa lẹ́tà náà dé, mo lọ fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Ọdún kẹta ni mo rí àyè nínú ọgbà.

Ẹ̀yìn ojú irin ló wà. Koríko tí wọ́n gẹ̀ dáadáa, jáńgílọ́fà, àwọn ẹṣin onígi tó ń yí po tòun ti orin, ọ̀bọ mélòó kan nínú ilé onírin. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n ń ṣí i, àti ọjọ́ ọlidé. Máníjà ibẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú náà, ọkùnrin tín-ínrín kan tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ga dé orúnkún. Mo ti ń gbọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Ó fi ibi tí mo máa dúró sí hàn mí, ó ní dùndún àti ẹja díndín ni kí n máa tà, àwo kan, sílè kan.

"Kò sí ẹ̀dínwó," ó ní. "Kò sí èènì."

"Máníjà, kò sí èènì kẹ̀? Bó ti wù kó kéré tó?"

"Koríko tí wọ́n ń jókòó lé ni èènì wọn."

Tọ́rọ́, ìdá mẹ́rin sílè, ni wọ́n ń ta irú dùndún yẹn níta, níbi tí èèyàn lè ju òkúta dé láti ìdí iná mi. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì ń tú àpò wò, ẹni tó bá gbé oúnjẹ dání á fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Olè ni, àbí? Èmi náà bi ara mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Igi ni ẹni tó wà níta fi ń dáná. Wọn ò fẹ́ èéfín nínú ọgbà, kẹrosíìnì ni mò ń rà. Ẹni ìta ń tà lójoojúmọ́. Ọjọ́ méjì ni tèmi, bí òjò bá sì rọ̀ sí ọjọ́ méjì yẹn, èmi àti Àkósúà la ó máa jẹ dùndún títí di Ọjọ́rú. Ìdajì ohun tí mo bá pa, ti ọgbà ni, òun ni wọ́n fi ń gẹ koríko, òun ni wọ́n fi ń bọ́ ọ̀bọ. Ẹni tó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ á mọ̀ pé sílè kan kò pọ̀ jù fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú àfẹ́sọ́nà wá. Irú wọn tilẹ̀ ń fẹ́ kó wọ́n, kí ọmọbìnrin náà lè rí i pé wọ́n ń náwó lé òun lórí.

Ọlọ́mọ ni iye yẹn ń pa lára. Màá rí bàbá tí yóò dúró níwájú mi, tí yóò máa fi ojú ka àwọn ọmọ rẹ̀ léraléra, bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti dín. Ìyá ọlọ́mọ kan bi mí pé, "Alátà, ṣé wúrà lo fi dín in ni?"

Mo ní, "Ìyá mi, bó bá jẹ́ wúrà ni mo ní, ṣé ẹ máa bá mi nídìí sítóòfù?"

"Kúrò níbẹ̀! Ojú ẹ le bí ojú ọ̀bọ yín yẹn."

Ó ra àwo kan. Ó dá a sí márùn-ún. Èyí tó kéré jù fi ahọ́n lá àwo, ó sì gbé e padà fún mi bí ẹni tó ti fọ̀ ọ́.

Mò ń tà á bẹ́ẹ̀. Mò ń tà á torí Mojí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti fi í sílẹ̀, mo sì ti ní ibi ìdúró wàyí. Obìnrin ará Ṣàárẹ́ kan wà tó ń tajà aṣọ láti ilé sí Gánà. Mo rán an sí ìyá mi pé kó múra Mojí sílẹ̀, obìnrin náà ni yóò sì mú un bọ̀. Lọ́jọ́ tí obìnrin yẹn gbéra, mo ra bẹ́ẹ̀dì kékeré. Mo tẹ́ aṣọ sí i. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọn aṣọ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì sùn lé e.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo ṣe àṣìṣe mi.

Ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún, gbogbo wọn nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bi mí ní iye, mo sọ fún un, ó kí mi dáadáa, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sábẹ́ igi. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Oníbàárà ti dá, mo wá gbé oúnjẹ ọ̀sán tèmi jáde, ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹja tí mo sè látilé. Ẹ ti mọ ọwọ́ mi. Abọ́ náà kún títí dé etí. Mo bu èkíní sẹ́nu, mo gbójú sókè, àwọn ọmọ márààrún ń wo ẹnu mi.

Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ ní ilẹ̀ wa kì í jẹun lójú ẹni kó má wí pé, "Ẹ wá jẹun." Ẹni tí wọ́n pè náà mọ èsì rẹ̀. Á ní, "Á gba ibi ire," á sì máa lọ. Ìkíni ni, bí ìgbà tí èèyàn bá kí ni kú ọ̀sán. Mi ò tilẹ̀ rò ó tí mo fi nawọ́ sí wọn, tí mo sọ ọ́ ní èdè wọn bí Àkósúà ṣe kọ́ mi. Bàbá mọ èsì tirẹ̀ náà. Ó ti ń dúpẹ́, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń mi orí pé ká má ṣèyọnu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti dé iwájú mi. Àbíkẹ́yìn ti ki ọwọ́ bọ abọ́.

Kí ni mo lè ṣe? Mo ní kí wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n jókòó yí abọ́ ká lórí koríko, èyí tó dàgbà jù pín ẹja, kò sí ẹni tó jà. Ìyá wọn fi gèlè bojú fún ìtìjú, nígbà tó yá òun náà wá, ó bu ẹ̀kún ọwọ́ méjì, ọkọ rẹ̀ sì bu ẹyọ kan. Mò ń wò wọ́n, ara mi balẹ̀ bí kò ti ṣe balẹ̀ láti ọdún tí mo ti dé ìlú yẹn.

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn Máníjà.

"Alátà. O ti di ìjọ? Sàráà lò ń ṣe nínú ọgbà mi?"

"Ẹ má bínú, Máníjà. Oúnjẹ tèmi ni, tí mo gbé látilé."

"Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ń gba oúnjẹ ilé lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ ń pín in nínú ilé. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí gbogbo Kùmásí gbọ́ pé Alátà kan ń pe èèyàn jẹun, ta ni yóò ra nǹkan?"

Bàbá ọlọ́mọ dìde, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.

Máníjà ní, "Ọlidé tó ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, tà á. Lẹ́yìn rẹ̀ mo máa fi ẹlòmíràn síbẹ̀."

Ó lọ. Mojí sì ti wà lójú ọ̀nà, tàbí kó kù díẹ̀ kó gbéra. Kò sí bí mo ṣe lè ránṣẹ́ kí ó yára jù ú lọ.

Àkósúà ní kí n lọ bẹ ọkùnrin náà. "Kúnlẹ̀ fún un bí ẹ ti ń kúnlẹ̀ yẹn," ó ní. "Lójoojúmọ́ lẹ̀ ń fi ìkúnlẹ̀ yín ṣòfò lórí àwọn tó ń ta tòmátì. Ẹ ná an síbi tó máa wúlò."

Mo ní mo máa lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mò ń bẹ iṣu tí mò ń ro ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn. Èèyàn méje ló jẹ níbẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá bù ú sí àwo ọgbà, àwo mẹ́ta ni, mẹ́ta àti díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n yó. Ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé kò tó nǹkan, ìyá kì í sáré bá ọmọ rẹ̀ jẹun, abọ́ kan ṣoṣo ni mo sì fọ̀. Ní ilé ìyá mi, ta ló bu oúnjẹ sí àwo mọ́kànlá rí? Ẹni tó dá wà ló ń jẹ nínú àwo tirẹ̀ nìkan. Inú ọgbà yẹn, ńṣe ni wọ́n ń ta oúnjẹ fún ìdílé bí ẹni pé wọn ò bá ara wọn tan.

Mo lọ, mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, ìkúnlẹ̀ ń ba òun lẹ́rù. Mo sọ fún un: abọ́ ńlá kan, sílè mẹ́ta, ìdílé kan.

"Èèyàn mélòó?"

"Iye tí Ọlọ́run bá fún wọn."

"Ọlọ́run kọ́ ló ni ọgbà. Èèyàn méje, sílè méje."

"Máníjà, ọlọ́mọ márùn-ún wo lẹ ti rí tó san sílè méje rí?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè.

"Àwo kan ni wọ́n ń rà. Wọ́n á pín in, kò ní tó, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n á kó ara wọn lọ sílé nígbà tí oòrùn ṣì wà láàárín orí. Ẹni tó yó ló ń sanwó gun ẹṣin."

Ó yíjú sí àwọn ẹṣin onígi rẹ̀. Wọ́n ń yí po, orin ń dún, ọmọ kan péré ló wà lórí wọn. Ó wò wọ́n títí orin fi tán.

"Ọjọ́ ọlidé nìkan," ó ní. "Bí owó mi bá fi kọ́bọ̀ kan dín, kó sítóòfù rẹ."

Mo ra abọ́ tánganran ńlá mẹ́fà. Lọ́jọ́ ọlidé, mo ní kí akọ̀wé ẹnu ọ̀nà bá mi kọ ọ́ sí pátákó ní èdè wọn: ÀWO ẸLẸ́BÍ. Ìdílé àkọ́kọ́ tó rà á kò gbà mí gbọ́. Bàbá bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá kì í ṣe pé mo máa tún béèrè owó nígbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó fi di ọ̀sán, abọ́ mẹ́fà kò tó mọ́, wọ́n ń dúró kí àwọn kan jẹ tán.

Ìgbà náà ni gẹndé mẹ́rin dé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rélùwéè, ọwọ́ wọn ṣì ní gíríìsì.

"Alátà, fún wa ní ti ẹlẹ́bí."

Mo wò wọ́n. Ọ̀kan ará Támálè, ọ̀kan Fántè, ọ̀kan ará Kùmásí, èkẹrin kọ ilà tí mo mọ̀ dáadáa, ará Ọ̀fà ni. "Ta ni bàbá yín?" mo ní.

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó kúrú jù ní, "Èmi ni."

"Ìyá ńkọ́?"

Wọ́n tọ́ka sí èyí tó ga jù, tó ní irùngbọ̀n. Àwọn èèyàn tó tò sẹ́yìn wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá rere!" ẹnì kan kígbe. "Ó ti fún wọn lọ́mú jù, irùngbọ̀n hù!"

"Ẹ má fi wá ṣẹ̀sín," ọmọ Ọ̀fà sọ fún mi ní Yorùbá. "Yàrá kan là ń gbé, Àǹtí. Ìkòkò kan là ń sè. Kí ni ẹ tún ń pè ní ẹbí?"

Mo bù ú fún wọn. Kò pẹ́ tí Máníjà dé, ó na ìka sí wọn. "Irú ẹbí wo nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jà sí orí ẹja. Ẹbí ni wọ́n."

Ó fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló já a gbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ń ti ọgbà, ó kó gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ẹṣin onígi lé tábìlì, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Kò yìn mí. Ó kàn ní, "Bó o bá ń bọ̀ ní Sátidé, tètè dé. Kó o sì ra abọ́ sí i."

Èsì mi fún ọmọ-ọmọ mi nìyẹn. Iye tí wọ́n fi lé àwo kan lè má jẹ́ olè rárá. Ẹni tí kò bá tíì ra kẹrosíìnì kó má sọ̀rọ̀. Ohun tí kò dáa ni kí wọ́n ka ọmọ ọdún mẹ́ta bí ẹni ka àgbàlagbà, kí wọ́n sì gba omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo ní kó padà lọ, kó bá máníjà tiwọn sọ ọ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ó ní, "Màmá, wọn ò ní dá mi lóhùn." Mo ní, "Bóyá. Ṣé o ti sọ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ ọmọ Ọ̀fà yẹn ò kúrò nínú mi. A lo ọdún mélòó kan sí i ní Gánà kí wọ́n tó ní kí àlejò máa lọ sílé. A dé, wọ́n ní a kì í ṣe ará Àríwá mọ́, Kwárà la jẹ́. Mo ní ó dáa. Gbogbo orúkọ tí wọ́n pè mí ni mo jẹ́, kò sí èyí tó bá mi jẹun nínú wọn.

Ṣùgbọ́n Mojí ni mo fẹ́ sọ.

Ó dé ní Sátidé kẹta lẹ́yìn ọlidé. Obìnrin ará Ṣàárẹ́ mú un wá bá mi nínú ọgbà tààrà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn. Ó kúnlẹ̀ fún mi dáadáa, bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún àlejò, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á, mo bá dá ọwọ́ mi dúró. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣe. Mo mú àwo tó dára jù, mo bu dùndún sí i títí ó fi kún, mo fi odindi ẹja lé e, mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Jẹun, ọmọ mi. Tìẹ nìkan ni gbogbo rẹ̀."

Ó wo àwo náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

"Ta ni màá bá jẹ ẹ́?" ó bi mí.

Àwọn oníbàárà ti tò. "Alátà, à ń dúró o!" wọ́n ń ké. Mo rí Máníjà lọ́ọ̀ọ́kán tó ń bọ̀. Mo pa sítóòfù. Mo fọ ọwọ́ mi, mo fọ tirẹ̀, mo jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi.

"Èmi ni," mo ní.

Ó fà sún mọ́ mi díẹ̀, ó sì mú dùndún kan.